Iyùn Rírọ̀ Wo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fi Sínú Àpótí Omi Iyọ̀ Yín? Ìfiwéra Àwọn Tí Ó Wọ́pọ̀

Iyùn tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí ọba ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí ìyàwó sì ń fi sí ọrùn ọwọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, egungun ẹ̀dá abẹ̀mí kan ni. Inú Òkun Mẹditaréníà ni èyí tí ó pupa tí ó sì níyì jù lọ nínú wọn ti wá. Nígbà tí ó wà láàyè nísàlẹ̀ òkun, ẹran-ara rírọ̀ ni ó bo egungun pupa náà, pólípù kéékèèké funfun, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí wọ́n para pọ̀ di iyùn, sì máa ń yọ jáde lára ẹran náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọwọ́ mẹ́jọ tí ó ní ìyẹ́ wẹ́wẹ́ létí bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ọwọ́ mẹ́jọ yìí ni ilà ìdílé wọn. Púpọ̀ nínú àwọn iyùn rírọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú àpótí gíláàsì nílé ni ó kọ ilà kan náà, àyàfi pé àwọn kò ní egungun líle tí a lè gbẹ́ di ìlẹ̀kẹ̀. Ègún kéékèèké bí iyanrìn tí ó wà káàkiri inú ẹran wọn ni ó ń gbé wọn ró.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi ti ń sìn wọ́n, nínú àpótí tí ó gba lítà 150. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó ń lọ ra ti àkọ́kọ́ fi sọ́kàn kí ó tó wọ ìsọ̀ ni pé kí ó má ṣe fi ẹwà ọjọ́ kan yan iyùn. Púpọ̀ nínú àwọn iyùn rírọ̀ ni kò ṣòro láti mú yè. Bí a ó ṣe dá wọn dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yè tán ni iṣẹ́ wà. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ìfiwéra yìí: báwo ni yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan, ṣé mo lè yọ ọ́ kúrò bí mo bá yí ọkàn padà, kí ni yóò sì ṣe fún àwọn tí wọ́n bá a gbé, yálà nínú omi tàbí nínú ilé.

Kí omi tó gbà wọ́n

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó yẹ kí a gbé sínú omi tí kò tíì pẹ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù máa ń di ammonia. Bakitéríà inú òkúta ni yóò sọ ọ́ di nitrite, tí àwọn mìíràn yóò sì sọ nitrite di nitrate, iṣẹ́ yìí sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi a máa dúró di oṣù kẹta, nítorí pé láàárín ìgbà náà ni ewé omi burúkú máa ń hù bo gbogbo òkúta, tí yóò sì tún dínkù fúnra rẹ̀, iyùn kékeré tí ó bá sì bọ́ sí àárín rẹ̀ lè kú sábẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n omi tí ó bá gbogbo wọn mu kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Kí ìwọ̀n iyọ̀, ìyẹn bí omi náà ṣe wúwo sí omi lásán, wà ní 1.025 tàbí 1.026, kí ìgbóná omi wà láàárín 24 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí alkalinity, ìyẹn agbára tí omi ní láti má ṣe tètè di kíkan, wà ní nǹkan bí 8 sí 9 lórí òṣùwọ̀n dKH, kí ammonia àti nitrite sì wà ní òdo. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí àwọn iyùn olókùúta ni ọ̀rọ̀ nitrate àti phosphate: omi tí ó mọ́ tónítóní títí tí kò fi sí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́ kì í bá iyùn rírọ̀ lára mu. Nitrate tí ó wà láàárín mílígírámù 5 sí 15 nínú lítà omi kan, àti phosphate tí ó wà láàárín mílígírámù 0.03 sí 0.1, ni mo ti rí pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn jù. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ẹja tí a fi bàbà ṣe, nítorí pé bàbà a máa pa iyùn àti ìgbín òkun, kì í sì í tètè kúrò lára òkúta àti iyanrìn tí ó bá ti wọ̀.

Omi ẹ̀rọ tí ó ń wọ ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun tí ó bá ilẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá ti wo inú kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì ti rí i bí ó ṣe ń gbá pẹ́pẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò ṣe é da iyọ̀ sí lásán. Ẹ̀rọ RO tí ó ń sẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde ni kí ẹ rà ṣáájú iyùn èyíkéyìí, bí ẹ kò bá sì tíì lè rà á, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ẹja ni ó ń ta omi tí a ti sẹ́ ní gálọ́ọ̀nù gálọ́ọ̀nù.

Discosoma àti Zoanthus

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi lọ ẹni tuntun, bẹ́ẹ̀ bí a bá ní ká tẹ̀lé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò sí èyí tí ó jẹ́ iyùn rírọ̀ nínú wọn. Wọn kò kọ ilà ọlọ́wọ́ mẹ́jọ. Discosoma, tí àwọn olùtajà ń pè ní mushroom nítorí pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí olú, sún mọ́ àwọn iyùn olókùúta. Zoanthus, tí ó dà bí bọ́tìnnì ẹ̀wù tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní ìbátan tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn méjèèjì kò ní egungun, tí ìtọ́jú wọn sì jọra, gbogbo ọjà ni ó kó wọn mọ́ àwọn rírọ̀, èmi náà ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, àwọn ohun ọ̀gbìn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú ẹran-ara àwọn iyùn wọ̀nyí, àwọn ni wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ tí iyùn ń jẹ nínú rẹ̀. Discosoma kò fẹ́ púpọ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PAR wọ̀n ọ́n, 30 sí 80 ti tó o, ìsàlẹ̀ àpótí lẹ́bàá iyanrìn sì ni ààyè rẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ iná tí ó le jù, yóò ká ara rẹ̀ kò bí etí ẹja gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣá. Zoanthus fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, láti 80 sí 150, ó sì fẹ́ kí omi máa ṣàn kọjá lára rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà jókòó sáàárín àwọn pólípù. Ẹni tí iná rẹ̀ kò lágbára, tí ó jẹ́ pé iná tí ó bá àpótí wá ni ó ń lò, kò sí ohun tí ó ń wá lọ sọ́dọ̀ Zoanthus. Ọrùn wọn á máa gùn láti wá ìmọ́lẹ̀, ẹwà tí ó torí rẹ̀ rà wọ́n kò sì ní í sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ti títàn kálẹ̀, Discosoma a máa rìn. Ó ń yọ́ rìn lórí òkúta láàárín ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì ń fi èérún ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Èérún kọ̀ọ̀kan ni yóò di odidi tuntun. Nígbà mìíràn, ó lè tú kúrò pátápátá kí omi gbé e lọ sí ibi tí ẹ kò rò. Zoanthus kì í rìn. Etí agbo rẹ̀ ni ó ti ń bí pólípù tuntun, ẹni tí ó bá sì gbé e sórí òkúta kékeré tí ó dá dúró yóò máa rí ibi tí ó dé lójoojúmọ́. Bí a bá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí nìkan, a ó rò pé Zoanthus ni ó sàn jù.

Ohun tí ó yí ìdájọ́ padà ni májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ara Palythoa, ìbátan Zoanthus tí ó tóbi jù ú lọ tí ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé, ni ó pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ojú ẹni tuntun kò lè fi dáni lójú èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ kan náà ni kí a fi mú gbogbo wọn. Ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí wọ́n ṣe yọ májèlé náà láti ara Palythoa tí wọ́n rí ní Hawaii. Àwọn ará Hawaii ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé. Limu-make-o-Hana ni wọ́n ń pè é, ìtàn wọn sì sọ pé wọ́n a máa fi í pa ẹnu ọ̀kọ̀ bí àwọn ọdẹ tiwa ṣe ń fi oró sẹ́nu ọfà. Ní ọdún 2018, ní abúlé Steventon ní Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìdílé kan dèrò ilé ìwòsàn, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tí wọ́n wá gbà wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n yọ iyùn kúrò nínú àpótí ẹja inú ilé wọn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Zoanthus tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú omi ń ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ìgbà tí a bá gé e, tí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, tàbí tí a bá ṣe ohun tí oru rẹ̀ yóò fi gba afẹ́fẹ́ ni ewu wà. Ẹ má ṣe se òkúta tí ó ti gbé Zoanthus rí lórí iná láéláé, ẹ má ṣe da omi gbígbóná sí i, ẹ má sì ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ nígbà tí ó bá wà lókè omi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú dáadáa, ẹ má ṣe ki ọwọ́ tí ó ní ojú ọgbẹ́ bọ inú omi náà, ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kan ojú tàbí ẹnu. Bí ibà, ìkọ́, ìfọ́ra tàbí àìlèmí dáadáa bá tẹ̀lé iṣẹ́ tí ẹ ṣe nídìí àpótí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún dókítà pé iyùn ni ẹ fọwọ́ kàn, nítorí pé bí àìsàn náà ṣe ń ṣeni jọ ti ọ̀fìnkìn líle, kò sì sí bí dókítà ṣe lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Nítorí náà, ilé tí ọmọdé wà, tí wọ́n ń fẹ́ bá bàbá tàbí ìyá wọn tọ́jú àpótí, Discosoma ni mo ń sọ pé kí wọ́n mú. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àṣìṣe kì í tètè pa á, ewu rẹ̀ sì kéré. Ẹ kàn ṣọ́ra kí wọ́n má ta èyí tí ó tóbi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín ní orúkọ mushroom kan náà: Amplexidiscus, tí wọ́n ń pè ní etí erin, a máa ká ara rẹ̀ jọ bí àpò mọ́ ẹja kékeré tí ó bá sùn sórí rẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́.

Sarcophyton àti àwọn aláwọ ìyókù

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n yan ọ̀kan ṣoṣo fún òun, Sarcophyton, tí ọjà ń pè ní leather nítorí ara rẹ̀ tí ó dà bí awọ, ni mo ń yàn, mo sì mọ̀ pé ojú àwọn kan kì í gbà á nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti mílíìkì tàbí ti ilẹ̀ lọ. Igi kan ni ó ní, orí kan sì wà lórí igi náà bí orí olú ńlá, gbogbo orí yìí ni ó kún fún pólípù gígùn tí ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí omi bá ti ń lọ. Ẹ sún mọ́ gíláàsì dáadáa, ẹ ó ka ọwọ́ mẹ́jọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó ń dẹ́rù ba ẹni tuntun ni pé ó máa ń pa ara rẹ̀ dé. Èyí tí mo rà ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin ó wọ gbogbo pólípù rẹ̀ lọ sínú, orí rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tí a fi òrí pa lára. Kò ṣí ní ọjọ́ keje. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí i tí nǹkan tín-ín-rín kan ń ṣí kúrò létí orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí awọ tí ó máa ń dì sójú ẹ̀kọ gbígbóná bí ó bá ti ń tutù. Omi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ títí ó fi re, ó sì bọ́ lọ. Nígbà tí ó fi di alẹ́ ọjọ́ náà, pólípù ti yọ padà, wọ́n tilẹ̀ gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó ṣe ń ṣe ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn: ó ń bọ́ awọ kí ewé omi àti ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lè bá a lọ. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò máa gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, yóò máa yí iná padà, yóò máa da oògùn sí omi, ìyẹn gan-an ni yóò sì ṣe é ní jàǹbá. Ẹ yí ẹnu pọ́ǹpù sí ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ràn án lọ́wọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ẹ̀bi tí ó ní ní tòótọ́ ni oró inú omi. Sarcophyton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa tú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní terpene jáde, èyí tí wọ́n fi ń lé ẹja tí ó bá fẹ́ jẹ wọ́n tí wọ́n sì fi ń dá iyùn mìíràn dúró kí ó má baà sún mọ́ wọn. Nínú òkun, omi tí kò lópin ni ó ń gbé kẹ́míkà yìí lọ. Nínú lítà 150, kò ríbi gbà lọ, ó sì lè mú kí iyùn olókùúta má dàgbà tàbí kí ó máa ká kò. Èédú inú asẹ́ ni ó ń gbà á. Ẹ máa pààrọ̀ èédú náà lóṣooṣù, ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé Acropora, ọ̀kan nínú àwọn iyùn olókùúta, ni ọkàn rẹ̀ wà lára, tí ó kàn fẹ́ fi iyùn rírọ̀ kọ́ṣẹ́, kí ó má ṣe fi Sarcophyton bẹ̀rẹ̀. Discosoma díẹ̀ tàbí Zoanthus lórí òkúta tí ó dá dúró ni kí ó mú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè kejì wa, ti yíyọ kúrò. Ibi kan ṣoṣo ni Sarcophyton dúró sí. Bí ó bá tóbi jù, ó sì lè fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ láàárín ọdún díẹ̀, ẹ fi bíléèdì tí ó mú gé orí rẹ̀ kúrò ní ẹ̀ẹ̀kan. Igi tí ó kù yóò hu orí mìíràn, orí tí ẹ gé ni ẹ ó sì gé sí wẹ́wẹ́ tí ẹ ó fi ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ. Kò sí iyùn àkọ́kọ́ mìíràn tí ó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Sinularia, tí ó ní ẹ̀ka bí ìka ọwọ́, kò jìnnà sí i. Òun náà ń tú oró, òun náà ń bọ́ awọ, ó sì ṣeé gé. Mo máa ń mú un fún àpótí tí ó ga tí kò sì fẹ̀, níbi tí orí Sarcophyton yóò ti bo iná mọ́ gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lójú.

Capnella, tí ọjà ń pè ní Kenya tree, jọ Sinularia lójú ẹni tuntun, ó sì máa ń dínwó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń fi ṣe ènì. Ẹ má gbà á. Ó ń já ẹ̀ka ara rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, omi a sì gbé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí ọwọ́ kò dé lẹ́yìn òkúta, níbi tí yóò ti ta gbòǹgbò.

Green star polyps àti Xenia

Ẹwà àwọn méjì yìí ni ó máa ń fa ènìyàn wọ ìsọ̀. Green star polyps, tí ó jẹ́ ti ìdílé Briareum, jẹ́ ẹní elésè àlùkò tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta, pólípù aláwọ̀ ewé sì ń yọ lórí rẹ̀ bí koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí iná búlúù bá kàn án, ó ń tàn yanran. Xenia ní tirẹ̀ ń ṣí ọwọ́ tí ó sì ń pa á dé láìsinmi, bí ọmọ ọwọ́ tí ń kọ́ bí a ṣe ń di nǹkan mú. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Òkun Pupa lẹ́bàá Eilat tẹ èsì jáde lórí Heteroxenia, ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, pé ìmì yìí ń pa omi ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi tuntun, tí atẹ́gùn oxygen tí ó ti pọ̀ jù fi ń kúrò, kí àwọn ohun ọ̀gbìn inú ẹran rẹ̀ lè túbọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ.

Ní ti agbára, green star polyps ni ó le jù. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tàbí púpọ̀, ìṣàn omi jẹ́jẹ́ tàbí líle, kò sí èyí tí kò lè bá gbé. Xenia kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bẹ́ẹ̀. Ó lè kún gbogbo òkúta láàárín oṣù mẹ́fà, kí ó sì yọ́ bí ọ̀rá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kékeré, òkú rẹ̀ nìkan tó láti ba omi jẹ́. Kì í fara da ìrìn-àjò. Bí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ti ń kú.

Ní ti yíyọ kúrò, àwọn méjèèjì kọ ìbéèrè wa. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ẹyọ green star polyps kan tí kò ju owó naira onírin lọ lẹ̀ mọ́ àárín òkúta ńlá tí gbogbo àpótí gbára lé, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti lè máa wò ó láti orí àga. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, ó ti bo ìdajì òkúta náà, ó ti gun orí Zoanthus mi, ó sì ń wá ọ̀nà lọ sí ara Sinularia. Mo fi ọwọ́ ya á bí ẹni ń ya awọ ìlù. Ibi tí òkúta ti dán, ó ṣí, ṣùgbọ́n inú gbogbo ihò òkúta náà ni èérún rẹ̀ wà, láàárín oṣù kan ó ti padà. Níkẹyìn, òkúta náà fúnra rẹ̀ ni mo gbé jáde, èyí tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ bakitéríà fún ọdún méjì, ẹja mi méjì sì fi ara gbá ìdààmú ammonia tí ó tẹ̀lé e. Èmi ni mo gbé e síbi tí kò yẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí ó dára. Èkíní ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn àpótí, níbi tí òkúta kankan kò ti kan gíláàsì náà. Yóò bo ẹ̀yìn náà bí aṣọ títa, bí ó bá sì kọjá ààyè rẹ̀, bíléèdì pẹlẹbẹ yóò ká a kúrò lára gíláàsì láìsí wàhálà. Èkejì ni kí ẹ gbé e sórí òkúta kékeré tí ó dá wà láàárín iyanrìn, kí iyanrìn tí ó yí i ká fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí ẹ sì máa gé etí rẹ̀ tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ti Xenia, òkúta tí ó dá wà nìkan ni. Láàárín àwọn méjèèjì, green star polyps ni kí ẹni tuntun mú, nítorí pé ẹ̀dá tí a mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la ṣeé bá gbé ju èyí tí a kò mọ̀ lọ.

Àwọn tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé wálé

Dendronephthya ni ó rẹwà jù nínú gbogbo iyùn rírọ̀, pupa, òféèfé àti àwọ̀ ọsàn, bí òdòdó tí a fi gíláàsì ṣe. Kò ní ohun ọ̀gbìn kankan nínú ẹran rẹ̀, nítorí náà iná yín kò wúlò fún un. Oúnjẹ wẹ́wẹ́ tí ó ń léfòó nínú omi ni ó gbọ́dọ̀ máa jẹ látàárọ̀ dalẹ́, àpótí ilé kò sì lè pèsè rẹ̀ láìba omi náà jẹ́. Ebi ni yóò pa á ní díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Tubipora pẹ̀lú, tí egungun rẹ̀ pupa tí ó sì dà bí fèrè tí a dì pọ̀, wà nínú àwọn tí CITES, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1973 lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, dáàbò bò ní àfikún kejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn iyùn olókùúta. Ẹni tí ó bá gbé e kọjá ẹnubodè láìní ìwé rú òfin. Púpọ̀ nínú àwọn iyùn rírọ̀ tí mo ti fi wéra kò sí nínú àdéhùn náà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà bóyá ẹ̀ka tí wọ́n gé nínú àpótí ni tàbí èyí tí wọ́n já wá láti inú òkun. Èyí tí a gé nínú àpótí ti mọ iná àti omi ilé, ó sì ń yè jù.

Ọjọ́ tí ó bá wọlé

Ní ìsọ̀, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń jẹrà tàbí ó ní òórùn, kí ẹ sì wo òkúta kékeré tí ó jókòó lé bóyá Aiptasia wà níbẹ̀, ẹ̀dá aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó dà bí igi ọ̀pẹ kékeré. Ọ̀kan ṣoṣo tó láti kún àpótí. Lára Zoanthus, ẹ wá ìgbín kékeré tí ó ní ilà dúdú àti funfun lẹ́yìn, Heliacus ni, Zoanthus sì ni oúnjẹ rẹ̀.

Nílé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá léfòó lójú omi àpótí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ìgbóná wọn lè bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán omi àpótí sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ rì í sínú omi oògùn iyùn tí ẹ fi omi iyọ̀ pò fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò, kí ẹ fi omi iyọ̀ tuntun ṣan án, kí ẹ sì da omi ọ̀rá náà nù. Kí ó má ṣe wọ inú àpótí.

Lílẹ̀ mọ́ òkúta ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra jù. Súpà gúlúù tí ó ki máa ń di Zoanthus àti green star polyps mú dáadáa bí ẹ bá fi sí abẹ́ òkúta kékeré tí wọ́n wà lórí rẹ̀. Discosoma tí kò ní òkúta lábẹ́ kò ṣeé lẹ̀, nítorí pé ikun ara rẹ̀ yóò ta gúlúù náà dànù. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ kékeré, ẹ gbé e sáàárín rẹ̀, ẹ fi àwọ̀n bò ó lójú, kí ẹ sì gbé abọ́ náà síbi tí omi kò ti ṣàn líle. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, yóò ti fúnra rẹ̀ di òkúta kan mú. Ẹ̀ka Sarcophyton tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni kí ẹ fi rọ́bà dì mọ́ òkúta, kí ó má ṣe fún un jù, nítorí pé rọ́bà tí ó fún yóò gé e sí méjì.

Ẹ dín agbára iná kù fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó máa gbé e gòkè ní díẹ̀díẹ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ rà. Ẹ wọn omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ èsì sílẹ̀, ẹ má sì gbé iyùn náà kúrò níbi tí ó wà àfi bí ó bá ń ṣá tàbí tí omi ń gbá a lulẹ̀. Nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ó bá ti di òkúta mú fúnra rẹ̀, tí ó ń ṣí lójúmọ́ kí iná tó mọ́lẹ̀ tán, tí pólípù tuntun kan sì ti yọ létí rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ gbé e wálé, ẹ lè padà sí ìsọ̀ lọ ra èkejì.